Omi Òjò tí Ràṣídátù Tọ́jú De Ọmọ

Ní Agblangandan, lẹ́bàá Kútọnu, bí a bá ń wá ilé Ìyá Mùtíù, àwọn ará àdúgbò á ní kí a béèrè ilé tí omi kì í jáde láìgba àṣẹ. Ẹ̀fẹ̀ ni wọ́n ń ṣe, ṣùgbọ́n ẹ̀fẹ̀ náà kò jìnnà sí òótọ́. Ràṣídátù ni orúkọ obìnrin náà gan-an. Ọmọ ìlú Pobè ni. Ọkọ rẹ̀, Ràímì, ló mú un wá sí Kútọnu nígbà tí àwọn méjèèjì ṣì wà ní ọ̀dọ́, ibẹ̀ náà ló sì ti di opó.

Omi tí ó bá fi ṣan ìrẹsì tàbí ẹ̀wà, igi ọsàn wẹ́wẹ́ tó wà láàrin àgbàlá ló ni ín. Inú abọ́ fífẹ̀ kan ni omi àlùwàlá rẹ̀ ń kán sí, igi yìí kan náà ló sì ń gbé e lọ fún. Omi ọṣẹ tí wọ́n fi fọ aṣọ ni wọ́n fi ń ṣan ilé ìyàgbẹ́. Bí oúnjẹ bá jinná tán, á kó èédú tó kù sínú ìkòkò irin, á dé e títí yóò fi kú, òun náà ni yóò sì fi dáná lọ́jọ́ kejì. Apẹ̀rẹ̀ ló ń gbé lọ sọ́jà. Ẹni tó bá fẹ́ fi ọ̀rá wé ata fún un á gbọ́ ohùn pẹ̀lẹ́: "Má wulẹ̀ wé e, ọmọ mi. Kò sí ibi tó ń sá lọ." Ewé tí wọ́n fi pọ́n àkàsà, ewúrẹ́ ilé kejì ló ń jẹ ẹ́.

Ahun kọ́ ni. Ẹni tó bá pè é ní ahun kò tí ì jẹun nílé rẹ̀ rí ni. Ní kékeré, ó máa ń ru omi láti ìsàlẹ̀ odò gun òkè lọ sílé, ẹni tó bá sì ti ru omi gun òkè rí, ọrùn rẹ̀ kì í gbàgbé.

Ìyàwó ọmọ rẹ̀, Rodiat, tí wọ́n bí ní Abẹ́òkúta, tó sì ń ta aṣọ ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Ganhi, láàrin ìlú Kútọnu, máa ń fi í ṣẹ̀fẹ̀.

"Ìyá, ẹ ti jọ aṣọ́bodè. Omi ò lè kọjá níwájú yín kó má fi ìwé hàn."

"Èyí tí kò bá ní ìwé," Ràṣídátù á dáhùn, "á padà sínú ike."

Igi ọsàn wẹ́wẹ́ yìí, Ràímì ló gbìn ín. Lọ́jọ́ tí ó ri ibi ọmọ wọn, Mùtíù, mọ́lẹ̀ ló gbé irúgbìn náà kalẹ̀ lórí rẹ̀, tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kó iyanrìn bò ó. Ràímì ti lọ, Mùtíù ti dàgbà, ó ń tún ẹ̀rọ amómitutù ṣe káàkiri ìlú, igi náà ṣì ń so. Nígbà tí Rodiat wá lóyún, lẹ́yìn ìgbà pípẹ́ tí wọ́n ti ń retí, ohun kan ṣoṣo ni Ràṣídátù sọ pé òun fẹ́: kí ibi ọmọ náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti bàbá rẹ̀, lábẹ́ igi yẹn. Bí òjò ọdún náà sì ti ń kásẹ̀ nílẹ̀, ó gbé àgbá méjì sábẹ́ etí òrùlé. Nígbà tí wọ́n kún, ó fi àwọ̀n bò wọ́n nítorí ẹ̀fọn, ó sì kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn wọ́n.

"Omi ìwẹ̀ ọmọ nìyẹn," ó ní. "Omi òjò rọ̀ lára ọmọ tuntun."

Nínú ọyẹ́, àbúrò rẹ̀ ṣubú ní Pobè, ó fi ẹsẹ̀ ṣẹ́. Ràṣídátù di ẹrù láti lọ tọ́jú rẹ̀. Ní ẹnu ọ̀nà, ó yíjú sí Rodiat.

"Ìyàwó mi, mo fi igi yẹn sí ọ lọ́wọ́ o. Omi tó bá ti parí iṣẹ́ nínú ilé, fún un mu."

"Ẹ fọkàn balẹ̀, Ìyá."

Rodiat kò sì fọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Ṣùgbọ́n oyún ní ohun tó ń fẹ́, ohun tí oyún Rodiat sì ń fẹ́ ni lanhuin, ẹja oníyọ̀ tí àwọn obìnrin etí òkun máa ń gbé sínú iyọ̀ títí yóò fi máa rùn fíìn. Mùtíù kì í lè dúró sítòsí rẹ̀. Bí ẹja náà bá dé, Rodiat á rẹ ẹ́ sínú omi láàárọ̀, á tún omi rẹ̀ pààrọ̀ lálẹ́, kí iyọ̀ rẹ̀ lè dínkù. Omi yẹn kò ní ọṣẹ nínú, ó sì ti parí iṣẹ́ rẹ̀. Ó ń gbé e tọ igi lọ tìfẹ́tìfẹ́, ó tilẹ̀ rò pé omi ẹja á mú un sanra.

Nígbà tí àbúrò rẹ̀ ti lè fi ọ̀pá rìn, Ràṣídátù padà wálé. Bí ó ti sọ̀ kalẹ̀ lórí zémíjàn, ọ̀kadà àwọn ará ibẹ̀, ojú igi ló kọ́kọ́ wò. Ewé ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, etí wọn ti jó bí ẹni pé iná rà wọ́n, ọ̀pọ̀ sì ti já sílẹ̀.

"Ẹ kú àbọ̀, Ìyá," Rodiat ní, ó sì kúnlẹ̀ pẹ̀lú ikùn ńlá. "Èmi náà rí i pé ó ń wọ́wé. Ọyẹ́ yìí le púpọ̀."

"Dìde, má kúnlẹ̀ mọ́. Omi wo ló ń mu?"

"Omi ìrẹsì, omi àlùwàlá ọkọ mi, àti omi ẹja mi. Mi ò jẹ́ kí ẹ̀kán kan ṣòfò."

Ràṣídátù rìn lọ síbi abọ́ tí ẹja wà nínú rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná. Ó ti ìka bọ omi náà, ó tọ́ ọ wò. Ó nu ìka rẹ̀ sára ìró. Rodiat wo ojú rẹ̀, òun náà ti ìka bọ̀ ọ́, ó tọ́ ọ wò, ojú rẹ̀ sì wálẹ̀.

Háàrúnà, aránṣọ tí ògiri kúkúrú kan pín wọn níyà, ti ń wò wọ́n láti ìdí ẹ̀rọ rẹ̀.

"Ìyàwó, igi lo ń bomi rin ni, àbí ọbẹ̀ lo ń fi iyọ̀ sí? Igi tí ibi ọkọ rẹ wà nídìí ẹ̀ náà ni o."

Àwàdà ló pè é. Ṣùgbọ́n Rodiat wọlé lọ, ó sì sunkún, kò sì jẹun títí Mùtíù fi dé.

"Ìyá, ẹ jẹ́ ká gé e," Mùtíù ní. "Màá ra òmíràn."

"Èyí tí bàbá rẹ fọwọ́ gbìn, wọn kì í tà á lọ́jà."

Ohùn rẹ̀ kò le, ṣùgbọ́n Rodiat gbọ́ ọ láti inú yàrá, ó sì dà bíi pé òun ni wọ́n ń bá wí.

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ìrun àárọ̀, Ràṣídátù pè é jáde.

"Kí lo fi ń mú iyọ̀ kúrò lára ẹja?"

"Omi ni, Ìyá."

"Omi tó pọ̀, tí kò níyọ̀. Bí a ṣe máa fọ iyọ̀ kúrò nínú ilẹ̀ náà nìyẹn."

Omi kànga ibẹ̀ ní iyọ̀ tirẹ̀ nítorí òkun. Omi ẹ̀rọ sì ń kán tó-tó-tó lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, èyí tó bá kó sínú ike kò ju ti mímu lọ. Ràṣídátù ṣí àwọ̀n kúrò lórí àgbá àkọ́kọ́.

"Ìyá, omi ọmọ nìyẹn," Rodiat ní.

"Ọmọ ò tí ì dé. Igi ti wà níbí."

"Ẹ ń bínú sí mi."

"Ohun tí mo ní kí o ṣe lo ṣe. Èmi ni mi ò sọ pé omi ń yàtọ̀ síra." Ó gbé garawa kúrò níwájú rẹ̀. "Jókòó o jàre. Ìwọ ti ru omi tìrẹ síkùn."

Ó ń da omi náà díẹ̀díẹ̀, á dúró kí iyanrìn mu ún, á tún bù. Háàrúnà ń wò ó. Nígbà tó pẹ́, ó fi aṣọ tó ń rán sílẹ̀, ó gba ẹnu ọ̀nà wọlé.

"Ìyá, ẹ gbé garawa wá. Kò tiẹ̀ yé mi mọ́. Ẹ̀yin lẹ ń da omi tó mọ́ nù yìí?"

"Mi ò dà á nù. Ó mọ ibi tó ń lọ."

Bí wọ́n ti lo àgbá méjèèjì tán nìyẹn.

Ewé kò yé já. Apá tó kọjú sí ilé ìdáná, níbi tí Rodiat máa ń dúró da omi ẹja, gbẹ pátápátá. Rodiat kò fẹnu kan lanhuin mọ́. Láràárọ̀, á gbé ikùn rẹ̀ lọ sídìí igi, á wo ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan, á sì padà wọlé. Ràṣídátù náà ń wò ó láti ojú fèrèsé, kò sì pè é.

Ọjọ́ ìkúnlẹ̀ dé kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Ọmọbìnrin ni. Ní ilé ìgbẹ̀bí, nígbà tí nọ́ọ̀sì fẹ́ di ibi rẹ̀ sínú ọ̀rá dúdú, Ràṣídátù gbé ìkòkò amọ̀ tuntun onídérí jáde láti inú apẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Rodiat gbórí sókè lórí ibùsùn.

"Ìyá, ibo lẹ fẹ́ rì í sí?"

"Ibi tí mo wí."

"Tí igi yẹn bá wá kú ńkọ́?"

Ràṣídátù jókòó tì í. Ó tú ìdí ìró rẹ̀, ó mú nǹkan kan jáde, ó gbé e lé e lọ́wọ́. Ewé kan ni, kò tóbi ju èékánná ọmọ tuntun náà lọ, ó sì tutù yọ̀yọ̀. Rodiat gbé e símú. Ó ń ta sánsán bí ọsàn wẹ́wẹ́.

"Àárọ̀ yìí ni mo rí wọn, lára ẹ̀ka tó tẹ̀ sí ọ̀dọ̀ Háàrúnà," ìyá náà ní. "Ẹyọ kan péré ni mo já. Mo tọrọ gáfárà lọ́wọ́ igi náà."

Apá tó yè ni Mùtíù gbẹ́ ilẹ̀ sí, ó sì ri ibi ọmọ náà mọ́lẹ̀ níbẹ̀. Apá kejì, wọ́n gé e, ó sì di igi ìdáná.

Omi ẹ̀rọ ni wọ́n fi wẹ Sàídátù, ọmọ náà, ara rẹ̀ kò sì mọ ìyàtọ̀. Lẹ́yìn ìsọmọlórúkọ, Ràṣídátù bu omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ rin ọmọ lára kí ọṣẹ tó kàn án, ó sì ti abọ́ tí omi náà ṣàn sí sápá kan. Rodiat gbé e. Ó dúró nídìí igi, ó ti ìka bọ omi náà, ó tọ́ ọ wò, kí ó tó rọra dà á sílẹ̀.

"Ìyàwó," Háàrúnà ní láti ìdí ẹ̀rọ rẹ̀, "ṣé iyọ̀ rẹ̀ tó?"

"Ẹ mú ẹnu yín wá, kí ẹ tọ́ ọ wò."

Ràṣídátù, tó tẹ́ ọmọ sórí ẹsẹ̀ méjèèjì, rẹ́rìn-ín títí ọmọ fi ń mì lórí ẹsẹ̀ rẹ̀.