Ilá Múṣin Dé Ògbómọ̀ṣọ́

Ìyá àgbà mi, ìyá tó bí ìyá mi, ní ọ̀rọ̀ kan tó fi máa ń pa wá lẹ́nu mọ́ nígbàkígbà tí a bá ní kó wá máa gbé lọ́dọ̀ wa ní Èkó. Á ní, "Ìlú tí wọ́n ti ń ra ewé ọbẹ̀ lójoojúmọ́ bí ẹni ra oògùn, kí ni mo fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀?" Tó bá ti sọ bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ tán. Á kọjú sí ẹ̀gúsí tó ń bó, kò sì ní wo ẹnikẹ́ni mọ́.

Kì í ṣe pé a kàn fẹ́ máa yọ ọ́ lẹ́nu. Bàbá àgbà ti kú, àwọn ọmọ yòókù ti fọ́n ká sí ìlú òkèèrè, òun nìkan ló kù nínú ilé ńlá ní Ògbómọ̀ṣọ́. Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, nígbà tí náírà ṣì jẹ́ tuntun, tí ìyá àgbà ṣì ń pe gbogbo owó ní ṣílè, ó yọ̀ ṣubú lẹ́bàá kànga. Ó wà nílẹ̀ níbẹ̀ títí tí ẹnì kan tó ń kọjá lọ fi gbọ́ ohùn rẹ̀. Ẹsẹ̀ náà ti ń san kí ìròyìn tó bá wa ní Múṣin, ṣùgbọ́n láti ìgbà náà ni ọkàn ìyá mi kò ti balẹ̀ mọ́. Ohun kan ṣoṣo ló ń bà á lẹ́rù: kí ìyá òun má lọ tún ṣubú lọ́jọ́ tí ẹnikẹ́ni kò ní kọjá.

Ìyá mi kì í bá èèyàn jiyàn. Ọwọ́ ló fi ń jiyàn tirẹ̀. Lẹ́yìn ilé tí a háyà, láàárín balùwẹ̀ àti ògiri àwọn mẹkáníìkì, ilẹ̀ kan wà tó kún fún agolo àti ike fífọ́. Ó lọ bẹ Bàbá Onílé pé òun fẹ́ gbin nǹkan síbẹ̀. Bàbá Onílé, ọmọ bíbí Múṣin tó fẹ́ràn ẹ̀fẹ̀ ju oúnjẹ lọ, bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀yin ará òkè yìí! Ẹ kúrò lóko, ẹ tún gbé oko tẹ̀lé yín. Ẹ gbìn ín, ṣùgbọ́n ẹ má kọ ebè iṣu síbẹ̀ o, kí n má lọ fi kọsẹ̀ nígbà tí mo bá ń lọ ṣe àlùwàlá."

Bẹ́ẹ̀ la ṣe bẹ̀rẹ̀. A ṣa agolo, a ṣa ike, a ro ilẹ̀ náà, ìyá mi sì gbin ilá, ata rodo àti tòmátò. Òjò ọdún náà dára. Ilá yẹn ga débi pé mo ní láti tẹ ẹ́ wálẹ̀ kí n tó lè ká a. Bàbá mi á dúró lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn, á káwọ́ sẹ́yìn, á ní, "Ilá kì í ga ju onírè o!" Bẹ́ẹ̀ òun tó ga bí òpó iná, kò bá mi ká ẹyọ kan. Àwọn ará ilé wá sọ ìyá mi ní Ìyá Onílá, orúkọ náà sì mọ́ ọn lára.

Nígbà tí òjò ń kásẹ̀ nílẹ̀, ìyá mi tú ohun tó wà nínú rẹ̀ fún wa nídìí oúnjẹ. Gbogbo ilá tó bá kù la máa rẹ́, tí a máa sá gbẹ, tí a máa fi ṣe orúnlá. Tó bá di Kérésìmesì, a máa gbé e lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́.

"Kí Màámi fojú ara wọn rí i pé a ò ra ewé," ló wí. "Tí wọ́n bá tọ́ orúnlá yìí wò, tó sì dára, wọn ò tún ní rí àwáwí kankan. Wọ́n á bá wa bọ̀ ni."

Bàbá mi ní, "Tí kò bá wá dára ńkọ́?"

Ìyá mi wò ó. Bàbá mi yáa bu òkèlè.

Ẹni tí kò bá mọ ìyá àgbà mi kò lè mọ ìdí tó fi jẹ́ pé orúnlá ló yàn. Orúnlá ni ìyá àgbà fi ń mọ obìnrin tó mọ ilé tọ́jú. Tí ti ẹnì kan bá fà dáadáa, tí àwọ̀ rẹ̀ ò sì ṣá, á yìn ín títí. Tó bá wá ní òórùn kan báyìí, gbogbo àdúgbò ló máa gbọ́. Ìyàwó ilé kan wà tó jẹ́ pé ó ti darúgbó tán kí ìyá àgbà tó gbàgbé orúnlá tó sè nígbà tó ṣì jẹ́ ìyàwó tuntun.

Ìyá mi ò wá fẹ́ kí ilá kankan gbó. Ó ní ilá tó bá ti gbó kì í fà. Àràárọ̀ la máa ń wọ àárín rẹ̀, tí a ó ká gbogbo èyí tó bá ti tó ìka ọwọ́, a ò fi ìkankan sílẹ̀. Ilá a máa yún èèyàn lára, rírẹ́ rẹ̀ sì burú ju kíká lọ. Ọwọ́ mi á máa yọ̀, ọ̀bẹ á máa yọ̀, imú mi á wá bẹ̀rẹ̀ sí í yún mi lásìkò tí kò sí bí mo ṣe lè fọwọ́ kàn án. Mo kórìíra iṣẹ́ yẹn, mo sì sọ ọ́ síta. Ìyá mi ní kò burú, kí n máa sọ ọ́ síta, kí n ṣáà máa rẹ́ ẹ lọ.

Ata àti tòmátò ni kò fún wa ní wàhálà. A lọ̀ wọ́n lórí ọlọ, a gbé wọn kaná títí omi fi gbẹ, a da òróró sí i, a sì dín in títí tó fi pọ́n dúdú. Tí òróró bá ti bò ó mọ́lẹ̀ nínú ìgò, yóò pẹ́ kó tó bàjẹ́. Lọ́jọ́ tí a dín in, kò sẹ́ni tí kò wúkọ́ nínú ilé náà. Bàbá Onílé wúkọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ ìrun dé ìparí rẹ̀, ó wá jáde pẹ̀lú omijé lójú. A rò pé ìjà ló fẹ́ jà. Àwo kékeré kan ló nà sí ìyá mi pé kó bu díẹ̀ fún òun.

Ilá ló dójú tì wá. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, tí òjò bá ti lọ, ó lọ nìyẹn. Ọyẹ́ á dé, afẹ́fẹ́ á gbẹ, ilá tí o bá sá á di gbígbẹ kánmọ́kánmọ́, á máa dún ṣàkà-ṣàkà. Ìyá mi ṣe bí ẹni pé ibẹ̀ ló ṣì wà. Ó tẹ́ ẹní sórí páànù balùwẹ̀, ó da ilá tí a rẹ́ sí i, ó sì fọkàn balẹ̀. Ó gbàgbé pé afẹ́fẹ́ Èkó kì í gbẹ tán. Oòrùn á mú un lọ́sàn-án, ìrì á tún rin ín kí ilẹ̀ tó mọ́, bí wọ́n ṣe ń bá ara wọn fà á nìyẹn. Ilá náà kò gbẹ, kò sì tutù mọ́. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bu.

Ìyá mi gbé ẹní náà sọ̀kalẹ̀, ó jókòó sórí àpótí, ó sì sunkún. Mo ti rí i tó ń sunkún òkú rí, ṣùgbọ́n n kò rí i kó sunkún nítorí ohun jíjẹ rí. Ó ní, "Ibẹ̀ yẹn ni ìyá mi máa kú sí. Àwọn nìkan." Gbólóhùn yẹn dùn mí gan-an, torí ìgbà yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ yé mi pé kì í ṣe ilá la ti ń rẹ́ láti ọjọ́ yìí.

Ìyá Ẹlẹ́ja ló gbọ́ ẹkún rẹ̀. Obìnrin Mùsùlùmí ni, ó ju ìyá mi lọ lọ́jọ́ orí, yàrá rẹ̀ sì kọjú sí tiwa. Ijora ló ti máa ń ra ẹja inú yìnyín, á wá yan án nínú ààrò alámọ̀ tó wà lẹ́yìn ilé kó tó gbé e lọ sọ́jà. Ó dúró lé ìyá mi lórí.

"Ìyá Onílá, ẹkún kí leléyìí? Ta ló kú? Ilá ló kú?" Ó bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ tú èyí tó ti bu. "Háà. Eléyìí ti lọ. Ṣùgbọ́n ṣebí òmíì ṣì wà lórí igi? Ẹ ká a wá jàre. Tí mo bá ti kó ẹja mi kúrò, ààrò yẹn ṣì máa ń gbóná dalẹ́, ó kàn ń waste ni. Ẹ jẹ́ ká try ẹ̀, I beg. Ọlọ́run á fi àlùbáríkà sí i."

Ìyá mi kúnlẹ̀ dúpẹ́, ṣùgbọ́n bí a ṣe wọlé ló di apá mi mú. "Ìyá àgbà ò gbọdọ̀ gbọ́ òórùn ẹja lára ilá yìí o." Òótọ́ ni, ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀. Òkú Èkó ni wọ́n ń pe ẹja inú yìnyín lọ́dọ̀ wọn, kò sì sí ohun tí ìyá àgbà kórìíra tó o. Ó máa ń sọ pé ẹja tí ò mọ ìgbà tí òun kú, ta ló fẹ́ gbé e sẹ́nu?

A fi eérú fọ ẹnu ààrò, a fi ọṣẹ dúdú tún un fọ̀. Bàbá mi, tó jẹ́ káfíńtà, kan asẹ́ tuntun tó fi nẹ́ẹ̀tì ṣe ìdí rẹ̀, kí ilá wa má baà fara kan irin tí ẹja ń sùn lé. Gbogbo ilá tó ṣẹ́ kù la ká, a rẹ́ ẹ, a tẹ́ ẹ sínú rẹ̀. Ìyá Ẹlẹ́ja á kó ẹja jáde, àwa á ti ilá wọlé. Ó gbẹ! Ó gbẹ, àwọ̀ rẹ̀ ò ṣá, ó ń dún lọ́wọ́. Mo bu ìkúnwọ́ kan, mo gbé e símú, mo gbọ́ òórùn ẹja. Ìyá mi náà gbé e símú. Ó dà á padà sínú asẹ́. Bàbá mi ló ní, "Ilá tó ti ní ẹja nínú kí ẹja tó dé, ṣé kì í ṣe ọlá nìyẹn?" Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí a dé Ògbómọ̀ṣọ́, ìyá àgbà jáde wá pàdé wa, ó ń fa ẹsẹ̀ kan. Ó gba orúnlá náà lọ́wọ́ ìyá mi, ó tú u wò, ó fọ́ ọ láàárín ìka. Kò jẹ́ kí ẹlòmíràn sè é. Ó gún un, ó fi káún àti irú sí i, ó wá ta á sí àtẹ́lẹwọ́, ó lá a. Ìyá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó di etí ìró rẹ̀ mú.

"Ẹja wo lẹ fi sí i?"

"A ò fi ẹja sí i, Màámi."

"Èmi ń bi ọ́ ni."

Ìyá mi kúnlẹ̀. Ó jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀: páànù balùwẹ̀, ìrì, ilá tó bu, ààrò Ìyá Ẹlẹ́ja. Kò fi òkú Èkó pàápàá pamọ́. Èmi ti ń wo ilẹ̀.

Ìyá àgbà ní, "Ẹlẹ́ja yẹn, ará ìlú wa ni?"

"Rárá o, Màámi. Ará Múṣin ni wọ́n. Mùsùlùmí ni wọ́n."

"Kò wá bá ọ tan rárá. Ó sì jẹ́ kí o máa ki ilá bọ inú ààrò tó fi ń jẹun."

"Àwọn fúnra wọn ni wọ́n ní kí n kó o wá."

Ìyá àgbà tún ta ọbẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, ó tún lá a. "Mo ti ń rò ó pé ẹ̀yin nìkan lẹ wà níbẹ̀," ló wí, ohùn rẹ̀ sì rọ̀ ju bí mo ṣe mọ̀ ọ́n lọ. "Mo ní tí nǹkan bá ṣe yín, ta lẹ máa ké sí?" Ó bu láfún fún wa, òun náà bu tirẹ̀, ó sì jẹ ọbẹ̀ náà tán. Kò yìn ín o. Ó ṣáà jẹ ẹ́ tán.

Ó ń fọ ọwọ́ lọ́wọ́ nígbà tó ní, "Irúgbìn ńkọ́? Mélòó lẹ fi sílẹ̀ kó gbó?"

A ò fi ìkankan sílẹ̀. Gbogbo rẹ̀ la ti ká ní kékeré, tí a rẹ́, tí a ti bọ ààrò.

"Ẹ sá gbogbo rẹ̀!" Ìyá àgbà pàtẹ́wọ́, ó sì rẹ́rìn-ín títí tó fi fọwọ́ di ìhà. "Ẹ sá ti ọdún yìí, ẹ tún sá tọdún tó ń bọ̀ mọ́ ọn! Ọmọ tí mo fi ọwọ́ ara mi kọ́!"

Ó dìde, ó fẹsẹ̀ wọ́ lọ sí ìsàlẹ̀ àjà, ó na ọ̀pá sókè, ó sì já ìdì ilá gbígbó kan tó so kọ́ síbẹ̀, tí èéfín ti kùn dúdú kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́. Ìyá mi ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀. Ó na ọwọ́ méjèèjì láti gbà á.

Ìyá àgbà gbé e sẹ́yìn. "Ká ọwọ́ rẹ kò. Kí n gbé e fún ọ, kí o tún lọ sá a? Èmi fúnra mi ni n ó gbé e lọ sí Múṣin."

Ìyá mi kò ká ọwọ́ kò. Ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ ló fi dì mú.