Ọjọ́ Tí Mo Máàkì Ìwé Múlíkà

Láàárọ̀ àná, mo ń ṣa ẹ̀wà nínú atẹ nígbà tí ohùn tíṣà kan tó ń pe ọ̀rọ̀ òyìnbó dé láti iléèwé tó wà lẹ́yìn ògiri wa ní Àgùdà: "Quiet! Quite!" Àwọn ọmọ ń gbè é tẹ̀rín-tẹ̀rín. Èmi ìyá àgbà, àyà mi já, ẹ̀wà dà sílẹ̀.

Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín, ẹ̀yin ọmọ ìwòyí. Nígbà tí mo wà ní kíláàsì kẹrin, ẹ̀rù ni wọ́n fi ń kọ́ wa ní òyìnbó. Gbogbo ọjọ́ Ẹtì ni tíṣà wa máa ń pe ọ̀rọ̀ mẹ́wàá tó jọra bí ìbejì: "there" àti "their", "principal" àti "principle". A ó kọ wọ́n, a ó pààrọ̀ ìwé pẹ̀lú ẹni tá a jọ jókòó, a ó sì máàkì fún ara wa. Àṣìṣe kan, ẹgba kan. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbè sẹ́yìn ẹnìkejì rẹ̀, tó fún un ní máàkì tí kò tọ́ sí i, ẹgba mẹ́fà ni tirẹ̀. Láti Ọjọ́bọ̀ ni inú ti máa ń run mí. Ìyá mi á se àgbo jẹ̀díjẹ̀dí fún mi, kò mọ̀ pé òyìnbó ni jẹ̀díjẹ̀dí mi.

Múlíkà, ọmọ oníbàtà ará Ògbómọ̀ṣọ́, ni èmi àti ẹ̀ jọ ń jókòó. Lọ́jọ́ kan tí tíṣà kọ ìdáhùn sára bọ́ọ̀dù, mo rí i pé Múlíkà ṣi mẹ́rin, èmi náà sì ti ṣi mẹ́ta. Ó wò mí. Mo rántí ẹgba mẹ́fà. Mo fa ìlà pupa sí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Nígbà tí ìwé tèmi padà dé, mẹ́wàá nínú mẹ́wàá ló fún mi. Kí n tó pa á dé, tíṣà ti já a gbà.

"Ta ló máàkì eléyìí?"

"Èmi ni, sà," Múlíkà dáhùn.

Mẹ́fà fún irọ́, mẹ́rin fún àṣìṣe. Mẹ́ta tèmi ò tiẹ̀ dùn mí. Nígbà tó padà wá jókòó, èmi ni mò ń sunkún. "Dákẹ́ jàre," ó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́, "kó má tún pè ẹ́."

Kí ìsinmi táàmù náà tó parí, bàbá rẹ̀ ti kó wọn lọ sí Ìjọra. N kò rí i mọ́.

Lónìí, fóònù ló ń tún òyìnbó yín ṣe, inú mi sì dùn pé àwọn ọmọ ẹ̀yìn ògiri yẹn ń rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ìwà ojo ò tíì kúrò láyé. Ẹ ṣì máa rí i lára yín lọ́jọ́ kan. Bí ẹ bá pàdé ìyá àgbà kan ní Ìjọra tó ń jẹ́ Múlíkà, ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́. Ẹ ní ẹ̀rù ló bà mí.