Ìyẹ́ Adìyẹ Kan fún Etí Gbogbo Ọmọ

Ohun tí mo rí lónìí, mi ò lè jẹun mọ́.

Láàárọ̀, mo pe Àlàbí, ọmọ ọmọ mi, títí, kò dáhùn. Mo pàtẹ́wọ́ lẹ́yìn rẹ̀, kò yíjú. Ni mo bá fà á mọ́ra. Etí rẹ̀ ń rùn bí ẹja tó ti bàjẹ́, ọyún ń ṣàn dé ọrùn.

Mo nawọ́ sí etí náà, mo pariwo sí i: "Ta ló fọwọ́ kan etí yìí?"

Àlàbí ní: "Na Mama Rísí."

Mo wọ yàrá Ìyá Rísí, ará ilé wa. Ìyẹ́ adìyẹ kan wà lára ògiri, ó ti dúdú, ó ń yọ̀. Òun ló fi ń nu etí gbogbo ọmọ àgbàlá!

"Ṣé o máa ń fọ̀ ọ́?"

"Ẹ̀n-ẹ́n, Màmá. Mo máa ń fi itọ́ nù ún."

Itọ́!

Mo gbé Àlàbí lọ sílé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì ní ara ọmọ ló ń bá kòkòrò àrùn jà, òkú ìjà náà ni ọyún. Ìyẹ́ yẹn sì ń kó kòkòrò ọmọ kan bá èkejì. Wọ́n gún un lábẹ́rẹ́, wọ́n ní ká máa wò ó bóyá etí náà á là.

Mo dé, mo sun ìyẹ́ náà níná. Nítorí pé mo sun ún, àwọn ìyá ọmọ àgbàlá ò kí mi mọ́.

Bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, Ìyá Rísí ń lé àkùkọ kiri, ó fẹ́ fa ìyẹ́ mìíràn tu. Àkùkọ ń ké tantan. Àlàbí jókòó nítòsí, ó kẹ̀yìn sí i, kò yíjú; kò gbọ́ ọ.

Ẹ̀yin abiyamọ, kí ni kí n fi obìnrin yìí ṣe?