Máńgòrò Kejì

Iṣẹ́ ló gbé mi dé Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́sẹ̀ yìí. A tètè parí ìpàdé, mo bá jáde lọ nasẹ̀, ni òórùn máńgòrò tó pọ́n lórí àtẹ ọlọ́jà kan bá gbá mi nímú.

Mo kéré gan-an nígbà tí bàbá mi, tó ń fín igbá ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́, mú mi dání wá kó igbá fún oníbàárà wọn níbí. Nígbà tí a ṣetán, wọ́n ní ká yà kí ìyá kan. Oòrùn mú. Mo rí pèpéle sìmẹ́ǹtì kékeré kan lábẹ́ igi máńgòrò iwájú ilé rẹ̀, ó tutù bí omi àmù, mo bá dùbúlẹ̀ sí i.

"Dìde ńbẹ̀!" ni bàbá mi pariwo.

"Ẹ fi í sílẹ̀," ni ìyá náà wí. "Wọ́n jọ ń ṣeré ni."

Ó fún mi ní máńgòrò kan, ó fi ìkejì sẹ́gbẹ̀ẹ́ orí mi. "Ti ẹ̀gbọ́n rẹ nìyẹn."

Mo jẹ tèmi tán, mo dijú. Ẹnìkan ń fi ọwọ́ tútù ra mí lórí. Nígbà tí mo lajú, ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ́hùn-ún ni àwọn méjèèjì ṣì jókòó sí. Kóró ìkejì nìkan ló kù, omi rẹ̀ kò tíì gbẹ.

"Bàbá, ta ló jẹ ẹ́?"

Wọ́n fà mí dìde, a sì gba ọ̀nà Ọ̀yọ́.

Mo ti dàgbà kí n tó mọ̀ pé bàbá mi àti ìyá yẹn ti bí ọmọbìnrin kan kí bàbá mi tó fẹ́ ìyá mi, àti pé abẹ́ pèpéle yẹn ni wọ́n sin ín sí.

"Ọ̀kan ni, mà?" ni ọlọ́jà náà bi mí báyìí.

"Méjì."

Mo gbé ìkejì sójú fèrèsé hòtẹ́ẹ̀lì, mo sì kọ ẹ̀yìn sí i.