Rábíù, Wolé-wolé Tí Kíkí Rẹ̀ Kì Í Tán

Lọ́jọ́ kan, akọ̀wé àgbà kańsù wa n'Ìwó ní kí n lé Rábíù kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Láyé ìjọba òyìnbó nìyẹn, èmi sì ni olórí wolé-wolé. Iṣẹ́ wa ni ká máa wọ agbo ilé, ká yẹ inú ìkòkò omi wò, kí tanwíji má baà di ẹ̀fọn. Ẹni tí tanwíji bá wà nínú ìkòkò rẹ̀, ilé ẹjọ́ yá.

Rábíù kò mú ẹnikẹ́ni rí. Ọmọ àfáà ni, wọ́n ti kọ́ ọ nílé pé a kì í wọlé àgbà láìkí i tán. Ẹnu ọ̀nà ni yóò ti bẹ̀rẹ̀: "Àsàlámù àlékùn. Ìyá Sàlámì, ẹ kú ilé o. Ẹsẹ̀ tó ń dùn yín ńkọ́? Ọmọ tó lọ kọ́ kéwú, ṣé ẹ ń gbúròó rẹ̀?" Kó tó kí wọn tán, àwọn obìnrin ti da omi nù, wọ́n ti fọ ìkòkò, wọ́n ti dé e lórí.

"Ṣé wolé-wolé la gbà síṣẹ́ ni," akọ̀wé àgbà, ọ̀gá wa, bi mí, "àbí ẹni tó wá tọrọ ìyàwó?"

Mo ní, "Tótó ó ṣe bí òwe, sà: ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Ẹ jẹ́ kó bá àwọn abupá lọ sí Olúpọ̀nnà ná."

Àwọn abupá ló ń fi abẹ́rẹ́ ha èèyàn lápá kí ṣànpọ̀nná má baà mú un. Bí wọ́n bá ti ń bọ̀, àwọn èèyàn a sá pamọ́. Ọ̀gá ní kò burú, òun náà yóò bá wa lọ wò ó; bó bá kùnà, kó máa lọ sílé.

A gun kẹ̀kẹ́ débẹ̀, ewúrẹ́ nìkan la bá níta. Ohùn ìyá arúgbó kan dún lẹ́yìn ilẹ̀kùn: "Kò sẹ́nì kankan nílé o."

Rábíù dọ̀bálẹ̀ síwájú ilẹ̀kùn náà. "Ìyá, ẹ̀yin tí ẹ ò sí nílé náà ni mo wá kí."

Ẹ̀rín sọ nínú ilé. Ó béèrè iṣu, ó béèrè òjò, ó béèrè ikọ́ tó gbọ́ lọ́nà ọ̀fun ìyá. Ilẹ̀kùn ṣí díẹ̀.

"Ọmọ ta ni ìwọ tó mọ èèyàn kí báyìí?"

"Ọmọ yín ni, mà." Ó ká apá ẹ̀wù, ó fi ojú ibi tí wọ́n ti bupá fún òun náà hàn án. "Kò dùn mí ju kí èèrà ta èèyàn lọ."

Ìyá na apá tirẹ̀, ó sì kọjú sẹ́yìn ilé: "Ẹ máa bọ̀ o jàre, ẹni wa ni."

Bí wọ́n ṣe ń tú jáde láti inú ilé ìdáná àti ẹ̀yìn ọgbà nìyẹn. Oògùn tán, èèyàn ò tán.

Nígbà tí à ń padà bọ̀, ọ̀gá gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ sún mọ́ mi. Ó ní, "Ta ló kọ́kọ́ fi Rábíù sídìí ìkòkò omi?"

"Ẹ̀yin ni, sà."

Ó dá kẹ̀kẹ́ dúró, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, Rábíù di olórí abupá. Ó wá ku èmi tí n óò wá wolé-wolé tí kò mọ èèyàn kí. N'Ìwó, ìlú àwọn àfáà!