Igún Ẹ̀yìn Ilé Ìdáná Wa

Ilé wa ní Ugbónlá dúró lórí òpó, omi ń kọjá lábẹ́ rẹ̀. Bí omi bá fà, ẹrẹ̀ á yọ lẹ́yìn ilé ìdáná. Ibẹ̀ ni igún méjì ti máa ń wá jẹun. Àbúrò màmá mi, tí mo ń pè ní Bọ̀dá, ló sọ wọ́n dọ̀rẹ́. Apẹja ni, ṣùgbọ́n bí ẹja bá wọ́n, á gbé ìbọn, á wa ọkọ̀ lọ sínú irà, á pa ọ̀yà bọ̀. Èmi ni mo máa ń fọ̀ ọ́. Ìfun rẹ̀, igún ló ni ín. Bọ̀dá ní àna òun ni wọ́n, èèyàn kì í sì í febi pa àna.

Kì í ra ọta. Òjé ara àwọ̀n tó ti gbó ló máa ń yọ́ nínú agolo, tí á fi ṣe wóró ọta.

Lọ́dún tó kọjá, ọ̀kan nínú àwọn igún náà bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ ìyẹ́ nílẹ̀. Kò lè fò gun òrùlé mọ́. Ìyá àgbà ní ká fọkàn balẹ̀, igún kì í kú léwe. Ọ̀sẹ̀ yẹn kò parí tó fi kú sórí ẹrẹ̀. Màmá mi ní ẹnìkan ló fún un ní májèlé jẹ. Bọ̀dá bú ẹni náà títí ilẹ̀ fi ṣú, láìmọ ẹni tó ń bú.

Nígbà tó yá, mò ń bọ̀ láti Igbókòdá, rédíò ọlọ́kọ̀ ní òjé ìbọn tó bá kù nínú ẹran máa ń di májèlé fún ẹyẹ tó bá jẹ ẹ́. Igún kejì ṣì wà lórí òrùlé wa, ó ń retí oúnjẹ.

Èmi kì í sọ̀rọ̀ níwájú àgbà. Bí àlejò bá dé, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni ẹ ó ti bá mi. Nígbà tí Bọ̀dá tún pa ọ̀yà wá, mo kàn jókòó ti abọ́, mò ń tẹ ìfun wò díẹ̀díẹ̀. Ó bi mí bóyá wúrà ni mò ń wá. Mo na àtẹ́lẹwọ́ sí i, wóró òjé wà níbẹ̀.

"Bọ̀dá, òjé yín rèé. Òun ló pa àna yín."

Ó wò mí, ó wo òrùlé. Mo ti ń wá ibi tí mo máa sá gbà. Ló bá kọjú sí màmá mi.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ wá gbọ́. Igún ti la ọmọ yín lẹ́nu."

A kò da ìfun yẹn sórí ẹrẹ̀. A kò sì ní ilẹ̀ gbígbẹ tí a lè sin ín sí, ni Bọ̀dá bá dì í sínú ọ̀rá, ó gbé e dé Igbókòdá lọ sin. Gbogbo èrò ọkọ̀ ló di imú.

Tàkúté ló fi ń mú ọ̀yà báyìí. Ó ní ìbọn ń ba ẹran jẹ́ ni, kì í ṣe torí ẹyẹ kankan. Ṣùgbọ́n bí mo bá da ìfun, ẹnu ilẹ̀kùn ló máa ń dúró sí, á máa wo igún náà títí yóò fi jẹun tán, tí yóò fi fò padà sórí òrùlé.