Oríkì Tí Ọkọ Mi Kọ́ Mi

Ariwo òjò lórí páànù ni ohun àkọ́kọ́ tó dẹ́rù bà mí nílé ọkọ. Koríko bẹẹrẹ ni wọ́n fi bo ilé bàbá mi, òjò a sì máa rọ̀ lé e jẹ́jẹ́. Nílé ọkọ mi, bí òjò bá bẹ̀rẹ̀, ńṣe ló dà bí ẹni pé àwọn kan ń da òkúta lé wa lórí. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo fi ẹní borí. Ọkọ mi rẹ́rìn-ín títí, ó ní bí ọrọ̀ ṣe ń dún nìyẹn, kí n jẹ́ kó mọ́ mi létí. Ó sì mọ́ mi létí lóòótọ́, débi pé bí àwọn ọ̀rẹ́ mi bá wá kí mi, mo máa ń gbàdúrà kí òjò rọ̀ kí wọ́n lè gbọ́ ọ. Ìsẹ́yìn ni mò ń sọ yìí, kí mọ́tò tó dé ọ̀dọ̀ wa, nígbà tí ilé onípáànù ṣì ṣeé fi ìka tọ́ka sí ní gbogbo ìlú.

Òwú òyìnbó ni ọkọ mi ń tà fún àwọn ahunṣọ. Ọ̀nà Èkó ló gbà dé, àwọn aláàárù ru ẹrù tẹ̀ lé e, òun fúnra rẹ̀ sì wà lórí ẹṣin pẹ̀lú agbádá sányán. Kò pẹ́ tí gbogbo ìlú fi mọ ìtàn rẹ̀. Wọ́n ní ọmọ ilé ẹlẹ́ṣin ńlá kan ni, ní ìlú kan lápá òkè, lọ́nà Ṣakí. Wọ́n ní ogun ti run ilé náà, òun nìkan ló ṣẹ́kù. Ilà ilé ọ̀hún sì wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ wò. Ìyá mi ní kí wọ́n rán ènìyàn lọ ṣe ìwádìí kí wọ́n tó fi mí fún un. Bàbá mi, ahunṣọ tí í fi ọmọ ìka wá kókó inú òwú kó tó hun ún, òun ni kò wá kókó kankan nínú ọ̀rọ̀ àna rẹ̀. Ó ní, "Ilé tí ogun ti run, ta lẹ fẹ́ kí n lọ bi níbẹ̀? Àlàpà?" Èmi ní tèmi, ẹṣin náà ni mò ń wò.

Láyé ìgbà yẹn, ìyàwó kì í jí kó kàn kí ọkọ rẹ̀ lásán. Yóò kúnlẹ̀, yóò ki oríkì ilé ọkọ, àwọn obìnrin ilé tó ti ṣáájú rẹ̀ ni í sì kọ́ ọ. Nílé wa, kò sí obìnrin kankan tó ṣáájú mi. Ọkọ mi fúnra rẹ̀ ló jókòó tó kọ́ mi: ọmọ ẹlẹ́ṣin tí í fi aṣọ tẹ́ ìloro, ọmọ a-bọ́-àlejò-má-bi-í-lórúkọ. Ó ń kọ́ mi, ṣùgbọ́n ògiri ló ń wò. Bí a bá ki ọkùnrin, orí rẹ̀ a máa wú. Tọkọ mi kò rí bẹ́ẹ̀. Bí mo bá ti bẹ̀rẹ̀, yóò tẹrí ba, yóò máa fọwọ́ pa ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì, níbi tí ilà kan ti wọ́ sí ẹ̀gbẹ́. Mo rò pé ìrẹ̀lẹ̀ ni. Mo tilẹ̀ sọ fún ìyá mi pé ọmọ ọlọ́rọ̀ gidi kì í gbéraga. Kí n lè tẹ́ ẹ lọ́rùn, ńṣe ni mo túbọ̀ ń gbé ohùn sókè, àwọn aládùúgbò sì ń gbọ́ mi láràárọ̀.

Oyún mi ti ń yọ nígbà tí ìyá arúgbó kan wá ra òwú láti apá òkè, òun àti ọmọbìnrin tó bá a ru ẹrù. Ọkọ mi kò sí nílé. Mo fún un lómi, mo ní kó dúró dè é lọ́dẹ̀dẹ̀. Nígbà tí oòrùn rọ̀, mo gbọ́ pátákò ẹṣin, mo sáré jáde, mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kì í. Mo fẹ́ kí àlejò mọ irú ilé tó dé sí. N kò tíì dé àárín tí ìyá náà fi dìde.

"Ìyàwó, ilé ta lò ń kì yẹn?"

"Ilé ọkọ mi ni, ìyá."

"Ilé ọkọ tèmi ni," ó wí. "Láti ìgbà ìyàwó mi ni mo ti ń kì í. Ta ni ọkọ rẹ?"

Inú mi kọ́kọ́ dùn, torí mo rò pé a ti rí ẹbí. Mo yíjú sí ọkọ mi kí n sọ fún un pé ẹnì kan ṣẹ́kù nílé wọn. Ó ti sọ̀ kalẹ̀ lórí ẹṣin. Ó ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú erùpẹ̀ tòun ti sányán, ó dojú bolẹ̀, kò gbé orí sókè. Ẹṣin náà ń rìn lọ, kò sí ẹni tó dì í mú. Ìyá náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fọwọ́ kan ilà tó wọ́ yẹn.

"Èmi ni mo di orí rẹ mú lọ́jọ́ tí wọ́n kọ ọ́," ó ní. "Ìkókó ni àwa ti ń kọlà fún ọmọ ilé. Ìwọ ti gbọ́njú nígbà tí wọ́n mú ọ ti ojú ogun dé, o sì jà mọ́ olóólà lọ́wọ́. Koríko ẹṣin lò ń pa fún wa kó o tó sá. Kín ni wọ́n ń pè ọ́ níhìn-ín?"

Ìyá náà wo ẹṣin, ó wo páànù, ó wá wo ikùn mi, ó sì pẹ́ kó tó gbé ojú kúrò níbẹ̀. Ó ní, "N ó padà wá." Kò ra òwú mọ́.

Láti ọjọ́ náà ni oorun ti dá lójú mi. Òyìnbó ti ní kò sí ẹrú mọ́, ṣùgbọ́n ohùn òyìnbó kò tíì wọ gbogbo agbo ilé, àṣà tí a sì bá láyé ni pé ọmọ tí ẹrú bá bí, olówó rẹ̀ ló ni ín. Ẹ̀rù ń bà mí pé wọn yóò gba ọmọ mi. Ẹ̀rù ń bà mí pé bàbá mi yóò gbọ́, kó wá fà mí padà sílé, kí gbogbo ahunṣọ Ìsẹ́yìn máa fi wá ṣẹ̀sín. Bí ajá bá gbó, àyà mi a já. Èmi àti ọkọ mi kò sọ ọ̀rọ̀ náà rárá. Ìgbà kan ṣoṣo tí mo kúnlẹ̀ láàárọ̀ tí ohùn kò jáde lẹ́nu mi, ló wò mí, ó ní, "Má dákẹ́. Bó o bá dákẹ́, wọn á béèrè ìdí." Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń ki ilé tó mú un lẹ́rú fún un ní gbogbo ìgbà tí mo fi wà nínú oyún.

Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, ojúlé wa kún, bàbá mi jókòó láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Mo rí ìyá arúgbó náà tó wọlé pẹ̀lú ọkùnrin méjì, wọ́n jókòó sẹ́yìn. Bàbá mi ní, gẹ́gẹ́ bí àṣà, bí àgbà kan bá ṣẹ́kù láti ilé bàbá ọmọ, kó dìde, kó kọ́kọ́ pe orúkọ. Ìyá náà dìde, ó na ọwọ́ sí mi. Mo di ọmọ náà mọ́ra débi pé ó figbe ta, ìyá mi ló já a gbà lọ́wọ́ mi, tó ń rẹ́rìn-ín pé ojú ń ti ìyá tuntun. Ìyá arúgbó gbé ọmọ sókè, ó wo gbogbo wa yí ká.

"Ọmọ wa ni bàbá rẹ̀," ó ní. "Ọjọ́ ti pẹ́ tí a ti ń wá a."

Àwọn ènìyàn hó yèè. Bàbá mi sunkún ayọ̀. Èmi náà mí kanlẹ̀, mo yíjú wo ọkọ mi kí n rí i bí ọkàn rẹ̀ ṣe balẹ̀. Ó tẹrí ba, ó ń fọwọ́ pa ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì. Òun mọ̀ wọ́n jù mí lọ.

Ohun tó ń bẹ lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti dé, ìyá náà àti àwọn ará ilé ọkọ rẹ̀ yóò dé. Wọn kì í halẹ̀, wọn kì í bínú. "Ọmọ wa, òrùlé ilé ń jò," páànù á bá wọn lọ. "Ọmọ wa, àgbà ilé kò ní aṣọ ọdún," sányán á bá wọn lọ. Ẹṣin lọ. Ìlú ń yìn ín pé ó mọ ilé, pé ọmọ gidi ni. Mo jí lówùúrọ̀ kan, mo rí ọkọ mi lẹ́yìnkùlé pẹ̀lú àdá, ó ti wọ ṣòkòtò iṣẹ́, ó ń di koríko fún ẹṣin àwọn àlejò. Kò sí ẹni tó rán an. Mo padà sínú ilé kó má baà mọ̀ pé mo rí òun, ẹ̀rù tó bà mí lọ́jọ́ náà sì ju ti ọjọ́ ìsọmọlórúkọ lọ.

Nígbà tó kú, a ránṣẹ́ sí wọn. Èsì tí wọ́n fi rán ìránṣẹ́ ni pé ká sin ín síbi tó wà. Kò sí ẹnì kankan tó wá nínú wọn. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹrú kú, ìyá kò gbọ́. Ọmọ kú, igbe ta. Bẹ́ẹ̀, ẹrú ti ṣe ọmọ rí nílé ìyá rẹ̀. Mo ti ń gbọ́ òwe yìí láti kékeré, n kò sì rò ó wò rí.

Àkọ́bí wa ti ní ìyàwó kí n tó sọ ọ́ fún un. Mo rò pé yóò bínú, tàbí kí ojú tì í. Ó wá ní, "Ìyá, ìlú wo ni wọ́n ti mú bàbá? Kín ni ìyá wọn ń pè wọ́n?" Ọdún tí mo fi bá ọkùnrin náà gbé kò kéré. Ìbẹ̀rù kí ayé má mọ̀ ni mo fi gbogbo rẹ̀ ṣe, n kò ráyè bi í. Mo ti darúgbó báyìí, n kò bẹ̀rù ẹnikẹ́ni mọ́. Ìyá tó bí ọkọ mi là bá ránṣẹ́ sí lọ́jọ́ tó kú, n kò sì mọ ọ̀nà ilé rẹ̀.